Bàbá Ìsàlẹ̀ Títí Ayé

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé àga kì í yí ènìyàn padà, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ti Bàdírù Adéògún fún yín. Èmi kò bá a jà rí, kò sì ṣẹ̀ mí. Mo kàn mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí ó ṣì máa ń dáhùn bí a bá pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lagos Town ní Accra ni wọ́n bí i sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ ló ń tà níwájú ilé wọn. Àwọn onílùú ń pè é ní Alata, bí wọ́n ti ń pe gbogbo Yorùbá níbẹ̀, òun náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń ta ọjà rẹ̀. Bàdírù ní tirẹ̀ mọ̀wé. Ó wọ iṣẹ́ ìjọba, ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń ṣiṣẹ́ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ o. Àwọn tó wà lókè rẹ̀ ló ń fẹ̀yìn tì lọ́kọ̀ọ̀kan, òun kò sì dìde lórí àga. Báyìí ló ṣe di olórí Ọ́fíìsì Àmójútó Ẹgbẹ́ Òṣèlú.

Kí ẹ má baà rò pé iṣẹ́ bàǹtàbanta ni, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀. Bí àwọn ènìyàn bá fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè du ìjókòó nílé aṣòfin, wọ́n á kó òfin ẹgbẹ́ wọn lọ síbẹ̀. Ọ́fíìsì náà á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ti ẹ̀yà kan tàbí ti ẹ̀sìn kan, bóyá ó ní ẹ̀ka káàkiri orílẹ̀-èdè, bóyá ìdìbò ni wọ́n fi yan àwọn olórí rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá gún, wọ́n á fún wọn níwèé ẹ̀rí. Òfin pàtàkì kan ló de àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀: ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọ́dọ̀ di ipò kankan mú nínú ẹgbẹ́ òṣèlú. Ó parí. Ẹni tó ní làákàyè lè ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan níbẹ̀ tán kí waakye àárọ̀ rẹ̀ tó tutù.

Ṣùgbọ́n Bàdírù rò ó, ó tún un rò. Ó ní bí ẹgbẹ́ kankan kò bá lè wà láìsí òun, a jẹ́ pé òun ni òbí gbogbo ẹgbẹ́. Bí gbogbo ẹgbẹ́ bá sì jẹ́ ọmọ òun, àwọn aṣòfin tí ẹgbẹ́ ń rán lọ sílé aṣòfin, ọmọ-ọmọ òun ni wọ́n. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ wọ́.

Orúkọ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó lọ sí Kumasi ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí yóò fi padà dé ó ti di Dókítà. Yunifásítì tó sọ ọ́ di Dókítà kò nílé, kò nílẹ̀, yàrá ìpàdé hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n yá fún ayẹyẹ náà. Ṣùgbọ́n aṣọ dúdú tí wọ́n gbé wọ̀ ọ́ ń wọ́ nílẹ̀, ohun tí Bàdírù sì wá lọ nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ló ní kí akọ̀wé òun, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Suhaib, kọ ìkíni kan tí àwọn òṣìṣẹ́ yóò máa fi pàdé òun láràárọ̀. Suhaib kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti rí i pé ní ọ́fíìsì yẹn, ẹni tó mọ ọ̀gá í yìn kì í pẹ́ gba ìgbéga. Ohun tó kọ nìyí:

“Ẹni Ọ̀wọ̀ Jùlọ, Alhaji Dókítà Bàdírù Adéògún, Ọ̀pómúléró Ìjọba Tiwantiwa, Olùṣọ́ Ẹnu Ọ̀nà Ìdìbò, Ibòòji tí Gbogbo Ẹgbẹ́ ń Sá Sí.”

Gbogbo òṣìṣẹ́ á tò sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀rọ agbéniròkè, Suhaib á ka ìkíni, àwọn tó kù á ní “Bẹ́ẹ̀ ni,” ọ̀gá á mi orí, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, iná lọ. Dumsor, bí wọ́n ti ń pe iná tó ń lọ tó ń bọ̀, kò mọ Ọ̀pómúléró. Bàdírù há sínú ẹ̀rọ náà láàárín àjà kan sí èkejì. Àwọn mẹkáníìkì sáré dé, wọ́n fẹ́ fi irin ṣí ilẹ̀kùn. Ohùn kan wá láti inú lọ́hùn-ún, ó rọlẹ̀, ó tutù.

“Suhaib, ṣé ẹ ti kí mi?”

“A kò tíì kí yín, sà. Ẹ kò tíì dé.”

“Mo ti dé inú ilé. Ẹ kí mi ná.”

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn mẹkáníìkì gbé irin wọn sílẹ̀, tí àgbà òṣìṣẹ́ ìjọba ń dúró nínú òkùnkùn bí ẹja inú agolo, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ń kí ilẹ̀kùn irin. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́ jáde tán, aṣọ rẹ̀ ti rin gbindin fún òógùn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn, nítorí ìkíni náà dún dáadáa nínú ihò.

Láti orí ìkíni, ó bọ́ sórí ìlànà. Ó ṣe ìlànà pé ẹgbẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ pàtẹ́wọ́ fún olórí tirẹ̀ ju bí wọ́n ṣe pa á fún olórí Ọ́fíìsì Àmójútó lọ. Ó tún ṣe òmíràn pé nígbàkígbà tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ dìbò yan àwọn olórí rẹ̀, kí wọ́n gbé àga kan sáàárín pèpéle tó ga ju gbogbo àga yòókù lọ, àti pé títí òun yóò fi jókòó sórí rẹ̀, ìbò kankan kò tíì di ìbò. Ẹgbẹ́ kan ní Takoradi dúró dè é láti àárọ̀ títí oòrùn fi rọlẹ̀. Àwọn aṣojú jẹun, wọ́n sùn, wọ́n jí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bá ara wọn jà. Nígbà tó dé, ó sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ pẹ́ débi pé àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá bá ọkọ̀ wọn lọ. Àwọn tó ń gbé nítòsí ibẹ̀ ló dìbò, ọkùnrin kan tó ní ilé oúnjẹ lódìkejì títì ló sì di alága ẹgbẹ́. Títí di òní, kò mọ ohun tí ẹgbẹ́ náà gbà gbọ́.

Gbogbo èyí ṣì jẹ́ ẹ̀rín. Ìgbà tí kò jẹ́ ẹ̀rín mọ́ ni ìgbà tí Hàjíà Làtífátù Rájí dé.

Làtífátù ń ta kẹ́tù, garawa àti abọ́ onírọ́bà ní Cow Lane, ṣùgbọ́n Nima ló ń gbé. Gbogbo ẹni tó bá mọ Nima mọ gọ́tà ńlá tó gba àárín rẹ̀ kọjá. Ní òjò ọdún yẹn, gọ́tà náà kún jáde, ó wọ ilé àwọn ènìyàn, ó sì gbé ìyá arúgbó kan, ará ilé Làtífátù, lọ lórí ẹní tó sùn lé. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀. Aṣojú wọn nílé aṣòfin, tó jẹ́ ọmọ Ẹgbẹ́ Ilẹ̀kùn, wá kí wọn kú ọ̀fọ̀. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ kí ó má baà rin, ó ṣèlérí, ó lọ. Kò pẹ́ kò jìnnà, ìjọba fi í ṣe aṣojú orílẹ̀-èdè lókè òkun, ìjókòó rẹ̀ sì ṣófo. Wọ́n kéde ọjọ́ ìdìbò míì.

Làtífátù pe àwọn obìnrin Nima àti ti Lagos Town, tí wọ́n jọ ní aṣojú kan, jọ, ó ní àwọn kò ní bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n dá Ẹgbẹ́ Aládùúgbò sílẹ̀. Wọ́n fi Làtífátù ṣe olùdíje, wọ́n fi Olúwarẹ̀mílẹ́kún, obìnrin olùkọ́ kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Tíṣà Rẹ̀mí, ṣe akọ̀wé. Ti ẹ̀ka káàkiri orílẹ̀-èdè kò sì dí wọn lọ́wọ́ bí àwọn kan ṣe rò, nítorí kò sí ìlú tí kò ní Zongo, àdúgbò àwọn àlejò, ní Ghana, kò sì sí Zongo tí Làtífátù kò ní oníbàárà sí. Kẹ́tù ni wọ́n mú ṣe àmì ẹgbẹ́. Wọ́n kó ìwé wọn, wọ́n wọ ọkọ̀ trotro, ó di ọ́fíìsì Bàdírù.

Suhaib kọ́ wọn ní ìkíni náà lẹ́nu ọ̀nà. Tíṣà Rẹ̀mí há a sórí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí Làtífátù rí ẹni tó jókòó, inú rẹ̀ dùn, nítorí àdúgbò kan náà ni wọ́n ti ṣeré dàgbà. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní:

“Ẹ̀gbọ́n Bàdírù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà?”

Suhaib di ojú rẹ̀. Bàdírù kò wò ó. Gẹ̀ẹ́sì ló fi dá a lóhùn, bí ẹni pé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kò gba Yorùbá kọjá rí. Ó ní kò sí ẹ̀gbọ́n kankan nínú ọ́fíìsì yìí, ìlànà nìkan ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé àwòrán kẹ́tù náà sókè pẹ̀lú ìka méjì.

“Kí nìyí?”

“Kẹ́tù ni, sà,” Tíṣà Rẹ̀mí dáhùn. “Àmì ẹgbẹ́ wa ni.”

“Mo rí i pé kẹ́tù ni. Ohun tí mò ń béèrè ni ohun tó wá ṣe nínú ìjọba tiwantiwa. Kẹ́tù àlùwàlá nìyí. Òfin ní ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹ̀sìn kan.”

“Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, sà. Kẹ́tù wà nílé mi. Òun ni mo fi ń fọwọ́ kí n tó jẹ kenkey.”

Bàdírù gbójú kúrò lára wọn. Ẹ má rò pé ó ń wá inú òfin. Ara rẹ̀ ló ń wò nínú gíláàsì àpótí ìwé tó kọjú sí i. Ó ní, “Ẹnu kẹ́tù yìí ló ń dà mí láàmú. Ìhà ìlà-oòrùn ló kọjú sí.”

Làtífátù gba àwòrán náà, ó dojú rẹ̀ kọ ìhà kejì, ó tún gbé e sílẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lẹ́. “Ó ti kọjú sí ìwọ̀-oòrùn báyìí, sà.”

“Ẹ̀yin fúnra yín rí i. Ẹgbẹ́ tó ń tètè yí padà báyìí, kò ní ìdúróṣinṣin. Ẹ lọ yọ ẹnu náà kúrò.”

Wọ́n lọ. Wọ́n yọ ẹnu kẹ́tù kúrò nínú àwòrán, wọ́n sì padà wá. Ó tún yẹ̀ ẹ́ wò, ó béèrè ibi tí omi yóò gbà jáde. Wọ́n ní kò sí ibì kankan mọ́, òun ló ní kí àwọn yọ ọ́. Ó mi orí bí ẹni tí ẹnu ń yà. Ó ní ẹgbẹ́ tí omi kò lè ti inú rẹ̀ jáde, ẹgbẹ́ ahun ni yóò jẹ́, òun kò sì lè gbé ahun lé àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè yìí lọ́wọ́. Wọ́n tún lọ. Nígbà yẹn, ọjọ́ tí wọn yóò parí gbígba orúkọ àwọn olùdíje ti ń sún mọ́lé, ojú ọ̀run Accra sì tún ti ń ṣú.

Ìyàwó Bàdírù, Ojúọlá, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́jà. Ó gbé e kalẹ̀ fún un bó ṣe ń jẹun alẹ́.

“Bàbá Faruk, wọ́n ní ẹ kò fún Làtífátù níwèé.”

“Ìyá Faruk, ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ ni.”

“Ìyá tí omi gbé lọ yẹn, òun ló máa ń gbé yín sẹ́yìn nígbà tí ìyá yín bá lọ sí ọjà Makola.”

Bàdírù gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. Fún ìṣẹ́jú kan, ó jọ ènìyàn. Lẹ́yìn náà ó ní, “A kì í da ọ̀rọ̀ gọ́tà pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ òfin.”

“Omi kò mọ̀ bẹ́ẹ̀,” ni Ojúọlá wí. Ó kó àwo rẹ̀ nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì jẹun tán.

Ẹnì kan wà tí inú rẹ̀ dùn sí gbogbo ìdádúró yìí. Ofosuhene ni, alága Ẹgbẹ́ Ilẹ̀kùn. Ó mọ̀ pé bí orúkọ Làtífátù bá wà lórí ìwé ìdìbò, ìbò Nima yóò jò mọ́ òun lọ́wọ́. Ó sì mọ irú àìsàn tó ń ṣe Bàdírù. Kò fún un ní pésèwà kan. Ó ránṣẹ́ sí i pé nígbà ìpàdé ńlá ẹgbẹ́ àwọn, àwọn fẹ́ fi í joyè.

Ẹ̀yin ì bá wà níbẹ̀. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn onígi kan sáàárín gbọ̀ngàn, kò sí ògiri lọ́tùn-ún, kò sí lósì, ilẹ̀kùn náà kàn dá dúró. Ẹnikẹ́ni lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bàdírù kò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ títí àwọn afọnfèrè fi múra tán, wọ́n ṣí i fún un, ó wọlé láti inú gbọ̀ngàn bọ́ sínú gbọ̀ngàn kan náà. Wọ́n gbé aṣọ oyè olómi wúrà kọ́ ọ léjìká. Ofosuhene kéde pé láti òní lọ, Bàbá Ìsàlẹ̀ Títí Ayé ni í ṣe fún Ẹgbẹ́ Ilẹ̀kùn. Gbogbo gbọ̀ngàn na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú, wọ́n là wọ́n bí ẹni ń ṣílẹ̀kùn, nítorí àmì ẹgbẹ́ wọn nìyẹn. Bàdírù náà na tirẹ̀, ó là á. Ó tún là á lẹ́ẹ̀kan sí i fún àwọn ayàwòrán tí kò rí i dáadáa.

Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, kí wọ́n tó bí ìjọba tiwantiwa, ó wà nínú ikùn. Èmi ni ikùn náà.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn kan ń pa á, ẹ̀rín sì ń pa wọ́n.

Fídíò náà ti dé Nima kí Bàdírù tó délé. Wọ́n ń wò ó nínú trotro, wọ́n ń wò ó nílé onígbàjámọ̀. Kò sí àṣírí kankan níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ní láti tú. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló dúró kí wọ́n lè yà á dáadáa. Tíṣà Rẹ̀mí wò ó tán, ó ní kí Làtífátù bọ́ aṣọ ọjà. Ilé aṣòfin ni wọ́n gbà lọ, sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń bojú tó iṣẹ́ àwọn iléeṣẹ́ ìjọba. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn obìnrin náà bi ìgbìmọ̀ náà: adájọ́ ìdíje tó wọ aṣọ ẹgbẹ́ kan, ta ló tún ń ṣe adájọ́ fún? Ìgbìmọ̀ náà ránṣẹ́ pe Bàdírù.

Igbákejì rẹ̀ nílé iṣẹ́, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń jẹ́ Àrínọlá, wá bá a ní àárọ̀ ọjọ́ tí yóò lọ jẹ́ ìpè náà. Kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ilé iṣẹ́ náà bàjẹ́.

“Sà, ọ̀rọ̀ yìí kò le. Òfin ní a kò gbọ́dọ̀ di ipò mú nínú ẹgbẹ́. Ẹ kàn sọ fún wọn pé eré lásán ni oyè yẹn, pé kò ní iṣẹ́, kò ní agbára. Ẹ bẹ̀ wọ́n, wọ́n á bá yín wí díẹ̀, ẹ ó padà wá síbi iṣẹ́. Ẹ sì fún àwọn obìnrin yẹn níwèé wọn.”

“Eré lásán,” ni Bàdírù wí, bí ẹni tó ń tọ́ oògùn kíkorò wò.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ó gbìyànjú rẹ̀ nínú mọ́tò. Awakọ̀ gbọ́ ọ lẹ́yìn tó ń ní “Eré… eré…,” tí ìyókù há sí i lọ́fun bí egungun ẹja. Nígbà tí wọ́n dé ilé aṣòfin, kò tíì sọ ọ́ jáde tán.

Madam Tagoe, aṣòfin obìnrin kan tó jẹ́ Ga, ọmọ onílùú Accra, ni alága ìgbìmọ̀ náà. Ó kọ́kọ́ pe Ofosuhene. Ofosuhene mọ̀ pé bí wọ́n bá ní olórí Ọ́fíìsì Àmójútó jẹ́ olóyè òun lóòótọ́, wọ́n lè fìyà jẹ ẹgbẹ́ òun. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Madam, eré ni. Oyè ẹnu lásán ni. Ẹni tó yá wa ní àga lọ́jọ́ náà, a fún un ní oyè kan náà kí ó lè dín owó kù fún wa. A tún fún olórí àwọn afọnfèrè.”

“Bàbá Ìsàlẹ̀ Títí Ayé?”

“Gbogbo wọn, Madam.”

Ẹ̀rín sọ ní yàrá náà. Ojú Bàdírù pọ́n. Ní tòótọ́, ìgbàlà rẹ̀ ni ọkùnrin yìí gbé lé e lọ́wọ́ yẹn. Ó kù kó gbà á. Madam Tagoe pàápàá fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ó yíjú sí i, ohùn rẹ̀ rọ̀.

“Dókítà, ẹ ti gbọ́ ohun tó sọ. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún wa pé oyè náà kò já mọ́ nǹkan, ká bá ibòmíràn lọ.”

Àrínọlá wà lẹ́yìn, ó ń mi orí sí i. Suhaib ń mi orí. Awakọ̀ tó yọjú lẹ́nu ọ̀nà ń mi orí. Bàdírù dìde.

Ó ní, “Kò já mọ́ nǹkan? Ẹni tó yá wọn ní àga, ṣé inú ilẹ̀kùn ló gbà wọlé? Ṣé wọ́n fọn fèrè fún olórí àwọn afọnfèrè, àbí òun ló ń fọn ọ́? Madam, mi ò ní jẹ́ kí ọkùnrin yìí fi oyè mi wọ́lẹ̀. Oyè náà ní iṣẹ́, ó sì ní agbára.”

“Irú agbára wo, Dókítà?”

“Bí mo bá wọlé, wọ́n á dìde. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ìpinnu ni. Kò sí olùdíje tí wọ́n lè fà kalẹ̀ tí mi ò bá fọwọ́ sí i.”

Ofosuhene fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

“Títí ayé?” Madam Tagoe béèrè.

“Ikú nìkan ló lè gbà á lọ́wọ́ mi.”

“Ẹ ṣeun, Dókítà. Ẹ ti ràn wá lọ́wọ́ gidigidi. Ẹ jókòó.”

Ó jókòó. Ó tún agbádá rẹ̀ ṣe. Ó gbà pé òun ti borí, ó sì ń wo yíká kó lè rí ẹni tí yóò kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ohun tó rí ni Suhaib, tó rọra gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá, tó sì lọ jókòó lẹ́yìn Àrínọlá. Ìgbà yẹn ni òtútù mú un lẹ́sẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ibi tó dùn mí níbẹ̀, bí mo tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ni èyí: Ẹgbẹ́ Ilẹ̀kùn, tí wọ́n fẹ́ gba ara wọn là, kéde lórí rédíò pé àwọn kò ní Bàbá Ìsàlẹ̀ kankan tó ń jẹ́ Adéògún. Oyè títí ayé náà kò tó ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ọkùnrin náà fi iṣẹ́ ra oyè, oyè sì lọ bá iṣẹ́.

Àrínọlá ni wọ́n fi sípò rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, Suhaib ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀rọ agbéniròkè, ó ti tún ìkíni náà kọ, ó fi orúkọ Àrínọlá rọ́pò ti Bàdírù níbi tó yẹ. Obìnrin náà gbọ́ ìlà kìíní, ó ní, “Suhaib, lọ jókòó.” Ó wọlé, ó béèrè ìwé Ẹgbẹ́ Aládùúgbò, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó fọwọ́ sí i. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tí ẹnu kẹ́tù kọjú sí.

Ẹ ó fẹ́ mọ̀ bóyá Làtífátù wọlé. Kò wọlé. Ẹgbẹ́ Ilẹ̀kùn ló tún gba ìjókòó náà, ṣùgbọ́n kẹ́tù sún mọ́ wọn débi tí ẹ̀rù fi bà wọ́n. Aṣòfin tuntun náà kò tíì búra tí katakata fi dé etí gọ́tà Nima, tó ń hú ẹrẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún. Làtífátù gbé àga rẹ̀ síta, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ti ń ṣe é, ó sì ń fi ọwọ́ tọ́ka ibi tí wọ́n fò. Nígbà tí katakata bá fẹ́ lọ, á dìde dúró lójú ọ̀nà.

Ti Bàdírù ló kù, òun ni mo sì fẹ́ fi parí rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdìbò, ó jáde láti ilé rẹ̀ ní Lagos Town pẹ̀lú agbádá tó le koránkorán, ó lọ sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń dìbò. Ìlà gùn, oòrùn sì ti mú. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà díẹ̀, kí wọ́n lè rí i. Wọ́n rí i. Wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ó wọ ẹ̀yìn ìlà, lẹ́yìn ọkùnrin kan tó ń jẹ búrẹ́dì.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń to àwọn ènìyàn, Afeefah lorúkọ rẹ̀, rìn wá síbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

“Bàbá, ẹ máa bọ̀ níwájú.”

Àyà Bàdírù gbé sókè. Inú agbádá rẹ̀ kún fún afẹ́fẹ́. “O mọ̀ mí, àbí?”

“Rárá o, sà. Ẹ ti dàgbà ni, oòrùn sì ń mú yín.”

Ó wò ó títí. Àwọn tó wà nítòsí rò pé yóò bínú. Nígbà tó yá ó ní, “O ṣé, ọmọ mi,” ní Yorùbá, ó sì tẹ̀lé e.

Wọ́n ki ìka rẹ̀ sínú tàdáwà, ó tẹ ìwé rẹ̀, ó fi í sínú àpótí. Mi ò mọ ẹni tó dìbò fún, òfin kò sì gbà kí n béèrè. Ó wá yíjú sí ìlà gígùn náà, ó rí gbogbo ènìyàn tó kọjú sí i, ó sì tún agbádá rẹ̀ gbé lé èjìká bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kún nínú rẹ̀.

“Bàbá,” ni ọkùnrin oníbúrẹ́dì wí, pẹ̀lú sùúrù, “ẹ ti dìbò tán. Àwa kò tíì dì.”

Bàdírù rò ó.

“Òótọ́ ni,” ló wí, ó sì kúrò lọ́nà.